Ẹ Bi Dókítà Ẹran: Àgbàdo Tí A Dà De Àgbọ̀nrín

Àkókò ìbọn ti ń súnmọ́ ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí ló sì dá lórí oúnjẹ tí àwọn ènìyàn ń dà sílẹ̀ fún àgbọ̀nrín. Mo mú mẹ́ta nínú wọn. Ti àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lé lórí jù, nítorí ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀ ju ti òfin lọ.

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jọ ra ilẹ̀ éékà 40 ní apá Hill Country ní Texas. Gbogbo àwọn tó bá wa pààlà ló gbé fídà kalẹ̀, ìyẹn àgbá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta oníbátìrì tó máa ń fọ́n àgbàdo sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àwa náà ra ọ̀kan. Lóṣù Kọkànlá tó kọjá, bàbá mi wá kí wa láti Ìsẹ́yìn. Ọdẹ ni wọ́n kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú wọn. Wọ́n rí bí àgbọ̀nrín ṣe ń sáré wá sídìí àgbá, wọ́n sì rí i tí mo jókòó sínú ahéré onípákó tí mo yìnbọn pa ọ̀kan. Wọ́n ní èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọdẹ, wọ́n ní ẹran ọ̀sìn ni mo pa. Wọn ò fi ẹnu kan ẹran náà. Ọ̀rẹ́ mi ní ilẹ̀ tiwa ni, ẹran tó bá wọ inú rẹ̀ tiwa ni, òfin ò sì mú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ bàbá mi kò kúrò lọ́kàn mi. Ṣé ó lòdì sófin? Ṣé ó tọ́? Ṣé ó tiẹ̀ wúlò? — Bàbá Ìbejì, Houston

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, ẹ kú oríire ilẹ̀ o. Ẹ bá mi kí bàbá wa. Òkè-Ògùn náà ni wọ́n bí mi sí, ọdẹ sì ni bàbá tó bí mi. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ẹran, Texas ni mo sì ti ń ṣe é láti ọdún gbọọrọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé wá yìí kàn mí lọ́wọ́ ọ̀tún, ó kàn mí lọ́wọ́ òsì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti òfin kúrò nílẹ̀. Texas gbà yín láyè láti fi oúnjẹ fa àgbọ̀nrín mọ́ra lórí ilẹ̀ aládàáni. Nínú igbó ìjọba àpapọ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ náà, bíi Sam Houston National Forest, èèwọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ yín ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ. Ilẹ̀ ni tiyín, àgbọ̀nrín kì í ṣe tiyín. Ìwé òfin Texas kọ ọ́ kedere pé àwọn ará ìpínlẹ̀ náà lápapọ̀ ló ni ẹranko igbó. Ẹ lè lé ènìyàn kúrò lórí ilẹ̀ yín, àmọ́ ẹran tó sùn síbẹ̀ lánàá kò torí ìyẹn di tiyín lónìí. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ọdẹ lórí ilẹ̀ tí ẹ fi owó yín rà, tí ẹ fi gbọ́dọ̀ so káàdì mọ́ ẹran náà lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá ti pa á, tí iye tí ẹ lè pa fi yàtọ̀ láti county kan (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) sí èkejì. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀kọ́ ọdẹ tí ìjọba là sílẹ̀. Wákàtí ìbọn bẹ̀rẹ̀ ní ìdajì wákàtí ṣáájú kí oòrùn tó yọ, ó sì parí ní ìdajì wákàtí lẹ́yìn tó bá wọ̀. Ọdẹ òru tí bàbá wa mọ̀, èyí tí wọ́n ń fi iná sórí ṣe, owó ìtanràn ńlá àti ẹ̀wọ̀n ló wà nídìí rẹ̀ níbí tó bá jẹ́ àgbọ̀nrín ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Ohun kan tún wà tó ti mú ọ̀pọ̀ onílẹ̀ lójijì. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ni ọdẹ àdàbà ń bẹ̀rẹ̀ ní apá tó pọ̀ jù ní Texas, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń da àgbàdo sí fídà láti mú kí ojú àgbọ̀nrín mọ́ ọn. Òfin ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣọ́ àdàbà, òfin náà kò sì gbà kí wọ́n fi ìjẹ, ìyẹn oúnjẹ tí a dà sílẹ̀ láti fa ẹran mọ́ra, pa á rárá. Ibi tí àgbàdo wà, ibi ìjẹ ni títí di ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó hóró tó kẹ́yìn kúrò nílẹ̀. Nítorí náà, fídà tó bófin mu fún àgbọ̀nrín lè sọ ẹni tó yìnbọn sí àdàbà nítòsí rẹ̀ di arúfin. Bí àlejò bá bẹ̀ yín pé òun fẹ́ wá pa àdàbà, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé àgbàdo wà nílẹ̀.

Ẹ má sì fi òfin Texas rìn lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Virginia kò gbà á. Georgia ti ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ aládàáni. Michigan ti gbogbo Lower Peninsula, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà, pa mọ́ ọn ní 2019 nítorí àrùn tí mo máa sọ níwájú. Nígbà tí àwọn aṣòfin dìbò láti tún un ṣí, gómìnà Gretchen Whitmer kọ̀, kò buwọ́ lù ú.

Ó kan bóyá ó wúlò. Ó wúlò, àmọ́ kò tó bí àwọn tó ń ta àgbá ṣe ń pariwo rẹ̀. Abo àti àwọn ọ̀dọ́ ni àgbàdo ń kó wá jù. Wọ́n á ti mọ ìró mọ́tò kékeré tó wà nídìí àgbá náà. Bó bá ti yí báyìí, wọ́n á máa sáré jáde láti abẹ́ àwọn igi kékeré tí àwọn ará Hill Country ń pè ní kédárì. Akọ tó ti dàgbà, tó ti rí ikú ẹgbẹ́ rẹ̀ rí, kì í bá wọn sáré. Ibi tí atẹ́gùn ti ń gbé òórùn gbogbo wá sí imú rẹ̀ ni yóò dúró sí. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí wákàtí ìbọn ti parí, ni yóò tó yọjú. Ẹ gbé kámẹ́rà òru síbẹ̀, ẹ ó rí i.

Àpẹẹrẹ kan wà ní South Carolina tí mo máa ń tọ́ka sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n gbà kí apá etíkun da ìjẹ, wọn ò sì gbà fún apá òkè. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣètọ́jú ẹran igbó níbẹ̀ kó ìṣirò ẹkùn méjèèjì jọ, wọ́n sì rí i pé níbi tí wọn ò ti da ìjẹ ni àwọn ọdẹ ti ń pa àgbọ̀nrín jù lórí ìwọ̀n ilẹ̀ kan náà. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ ẹkùn méjèèjì kò rí bákan náà. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń rò pé láìsí àgbàdo kò sí ẹran, kó lọ ro ó wò.

Ta ló wá ń jẹ àgbàdo tí ẹ ń rà? Raccoon ń jẹ níbẹ̀, ẹyẹ ń jẹ níbẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó, tí Texas ní iye tó ju mílíọ̀nù kan lọ, á ti àgbá ṣubú bí ẹ ò bá ṣe ọgbà irin yí i ká. Ọgbà tó ga dé ìtan tó: àgbọ̀nrín á fò ó wọlé, ẹlẹ́dẹ̀ ò lè fò ó. Àwọn ẹranko tó ń rọ́ wá sídìí àgbá yìí náà ló ń tú ìtẹ́ tòlótòló igbó tó bá wà nítòsí, tí wọ́n ń kó ẹyin rẹ̀ jẹ. Àwọn onímọ̀ ti wádìí èyí ní Texas gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ràn tòlótòló igbó lórí ilẹ̀ yín, ẹ má gbé àgbá sí ibi tó ń yé sí.

Àgbàdo tó bu tún wà. Bí òjò bá wọ inú àgbá, tàbí bí ẹ bá ra àgbàdo olówó pọ́ọ́kú tó ti bu kí ó tó kúrò lọ́wọ́ àgbẹ̀, májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin lè wà nínú rẹ̀. Ẹyẹ ló ń kọ́kọ́ pa. Ó ń pa ajá pẹ̀lú. Mo ti tọ́jú ajá ọdẹ tó lọ jẹ ohun tó dà sílẹ̀ nídìí fídà, tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bàjẹ́, tí ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì kọjá agbára mi. Olówó rẹ̀ kò mọ̀ pé àgbàdo lè pa ajá.

Ohun rere kan wà nínú fídà tí mi ò ní fi du ẹnikẹ́ni. Ẹran tó dúró, tó fi ẹ̀gbẹ́ kọ yín, ní ọ̀nà jíjìn tí ẹ ti wọ̀n sílẹ̀, ìbọn kan ló tó o. Kì í gba ọgbẹ́ wọ inú igbó lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Fún ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìbọn, fún àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹran tó gba ọgbẹ́ lọ ń jẹ ìrora, ìrora náà wà lọ́rùn ẹni tó yìnbọn.

Mo wá dé ọ̀dọ̀ bàbá wa. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn tán, mi ò sì lòdì sí wọn tán. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọn ò gẹ̀gùn nítòsí igi ìyeyè rí, nígbà tí èso rẹ̀ ń já bọ́. Ọdẹ Òkè-Ògùn wo ni kò ṣe é? Ẹtu á wá, ìgalà á wá ṣà á jẹ, ọdẹ á ti wà lókè. Oúnjẹ ló fa ẹran wá, ọdẹ sì mọ̀ ọ́n kó tó gun igi. Ẹni tó ṣọ́ ìyeyè kò lè fi gbogbo ẹnu bú ẹni tó da àgbàdo pé ó rẹ́ ẹran jẹ. Ẹgbẹ́ Boone and Crockett Club, tí Theodore Roosevelt dá sílẹ̀ ní 1887, ní kí ọdẹ má ṣe lo ohun tí yóò fún un ní àǹfààní tí kò yẹ lórí ẹran. Ọ̀rọ̀ gidi ni, àmọ́ ta ló mọ ibi tí ààlà náà wà? Ìbọn tó ní awò tó ń fa ohun jíjìn súnmọ́ ojú, ṣé àǹfààní tó yẹ ni? Bí a bá bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn yẹn, ilẹ̀ á mọ́ bá wa níbẹ̀.

Ibi tí mo ti rí ìyàtọ̀ ni pé igi ìyeyè kò so yípo ọdún. Ó ní àkókò tirẹ̀. Èso rẹ̀ á tàn káàkiri abẹ́ igi, á tán, ẹran á sì lọ sí ibòmíràn. Fídà kì í tán, kì í sì í kúrò. Ojú kan náà ni láàárọ̀, ojú kan náà ni nírọ̀lẹ́, lọ́dún yìí àti lọ́dún tó ń bọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ á sì pá, á le, á kún fún itọ́ àti ìgbẹ́. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, iṣẹ́ mi ló sì jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n.

Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní CWD (Chronic Wasting Disease). Ní Colorado ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní 1967, lára ẹran tí wọ́n ń sìn fún ìwádìí. Ó ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ láti ìgbà náà. Wọ́n rí i ní Texas ní 2012, ní àwọn òkè Hueco ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tó di 2015, wọ́n rí i ní Medina County lára àgbọ̀nrín tí wọ́n ń sìn nínú ọgbà, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Hill Country yín. Kì í ṣe kòkòrò ló fà á. Èròjà ara kan tó ti lọ́ kúrò ní ìrísí rẹ̀ ni, prion ni orúkọ rẹ̀, ọpọlọ ló sì ń jẹ. Ẹran náà á rù, á máa da itọ́, á máa rìn bí ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ, á sì kú. Kò sí oògùn rẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sì sí èyí tó ní i tó yè é. Ó máa ń lò ju ọdún kan lọ lára ẹran kí àmì kankan tó hàn, bẹ́ẹ̀ ni ẹran náà á ti máa tú u jáde nínú itọ́, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Nínú ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ló ń lò láìkú.

Ẹ wá fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fídà. Nínú igbó, àgbọ̀nrín ń já ewé kan níhìn-ín, èso kan lọ́hùn-ún. Nídìí fídà, agbo ẹran tí wọn kì bá má pàdé ara wọn ń fi imú túlẹ̀ lójú kan náà, bí ìgbà tí a bá kó ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan lódindi jọ sídìí abọ́ kan ṣoṣo tí ẹnì kan nínú wọn sì ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ní Michigan, ikọ́ ẹ̀gbẹ ti màlúù gan-an ló wọ ara àgbọ̀nrín ní apá àríwá ìlà-oòrùn Lower Peninsula. Ìkójọpọ̀ nídìí oúnjẹ sì wà lára ohun tó jẹ́ kó fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó ń sin màlúù níbẹ̀ jìyà rẹ̀, wọn ò sì pe àgbọ̀nrín wá.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rẹ́ yín bá ní “ilẹ̀ tiwa ni,” ẹ sọ fún un pé ẹran tó jẹun nídìí àgbá yín láàárọ̀ á fo wáyà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tó bá kó níbẹ̀, ilẹ̀ ẹlòmíràn ló máa gbé e lọ. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ni àgbá, gbogbo ìlú ló ni ẹran. Èmi ò ní da àgbàdo tí mo bá wà ní ipò yín, ìdí tí mo sì sọ yìí ló jẹ́ kí n wí bẹ́ẹ̀.

Kí ni ẹ ó wá ṣe? Ẹ ti ní ohun tó dára ju fídà lọ: igi óákù. Nígbà tí èso óákù bá ń já bọ́ ní ìgbà ìwọ́wé, àgbọ̀nrín á fi àgbàdo sílẹ̀ lọ síbẹ̀. Ẹ gé kédárì tó ń fún àwọn óákù náà lọ́rùn, díẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí ẹran ń fi í ṣe ibùsùn. Ẹ wá ọ̀nà gbé omi kalẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbin nǹkan, ẹ gbin àlìkámà sí ilẹ̀ fífẹ̀ kí ẹnu lè tàn káàkiri. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọ̀nà tí ẹran ń tọ̀ láàárín ibi tó ń sùn àti ibi tó ń jẹun, ẹ wo ipasẹ̀, ẹ wo igi tí akọ ti fi ìwo họ, ẹ sì gbé àga yín sí ibi tí atẹ́gùn kò ti ní gbé òórùn yín lọ bá a. Lóṣù Kọkànlá, nígbà tí akọ ń lé abo kiri ní Hill Country, tí atẹ́gùn tútù sì ń fẹ́ láti àríwá, ẹ ó rí akọ tí kò dé ìdí fídà rí, á máa rìn lọ́sàn-án gangan. Ibí yìí ni bàbá wa ti wúlò fún yín. Ojú ti ṣú, àmọ́ ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ka ipasẹ̀ lè wí fún yín ibi tí ó yẹ kí ẹ jókòó sí kí ẹ tó dé ibẹ̀. Àgbàdo kò lè kọ́ àwọn ìbejì yín nírú ìyẹn.

Iṣẹ́ yìí tún lè dín owó orí ilẹ̀ yín kù. Láti ìgbà tí àwọn ará Texas ti dìbò fún un ní 1995, ilẹ̀ tó ti wà lábẹ́ ìdíyelé iṣẹ́ àgbẹ̀ lè máa jẹ àǹfààní náà lọ bí olówó rẹ̀ bá ń tọ́jú ẹran igbó, ìyẹn bó bá ń ṣe ó kéré tán mẹ́ta nínú iṣẹ́ méje tí wọ́n kà sílẹ̀. Títún igbó ṣe, gbígbé omi kalẹ̀ àti kíka ẹran wà nínú méje náà. Ẹ wádìí rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìdíyelé county yín.

Mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ yín lè má gbà. Bí fídà bá máa wà dandan, ẹ jẹ́ kó máa fọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ káàkiri, ẹ má lo ọpọ́n tí ẹnu gbogbo ń wọ̀. Ẹ máa ṣí i nípò. Ẹ máa gbọn inú rẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ẹ má dédé da òkìtì àgbàdo sílẹ̀ láàárín òtútù fún ẹran tí kò jẹ ẹ́ rí, nítorí àpòlúkù rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n: á kan nínú rẹ̀, ẹran náà sì lè kú pẹ̀lú ikùn tó kún. Bí wọ́n bá kéde CWD ní county yín, ẹ pa fídà náà lọ́jọ́ náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí àwa Yorùbá ló kàn jù. A kì í sọ orí ẹran nù. A ń jẹ ọpọlọ, a ń jẹ ẹyinjú, a ń fa mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ gan-an ni prion ń kóra jọ sí, pẹ̀lú àwọn kókó ọ̀nà ọ̀fun. Iná kì í pa á. Sísè kì í pa á, yíyan kì í pa á, ẹ̀ẹ́fín àjà kì í pa á. Wọn ò tíì rí ènìyàn kan tó kó CWD lára àgbọ̀nrín, àmọ́ CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti àrùn, ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹran tó bá ní in. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá ń kun ẹran, ẹ má fi ayùn la ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹ yọ ẹran kúrò lára egungun. Ẹ fi orí náà sílẹ̀ fún àyẹ̀wò, ẹ sì gbé ẹran sínú fìríìsà títí èsì á fi dé.

Ẹran tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi tọrẹ. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ní Texas, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Hunters for the Hungry, tó ń gba àgbọ̀nrín lọ́wọ́ ọdẹ fún àwọn tí ebi ń pa. Bí ẹ bá fún ará ilé, ẹ kọ ìwé tí òfin ní kó bá ẹran náà lọ. Ẹ má tà á. Mo mọ̀ pé àwọn ará wa máa ń bèèrè ẹran ìgbẹ́ fún àríyá, wọ́n sì lè fi owó gidi lọ̀ yín. Títa ẹran àgbọ̀nrín igbó lòdì sófin.

Ìbéèrè: Ẹ n lẹ́ ńbẹ̀ yẹn o, Dókítà. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ pè mí wá sí ilẹ̀ rẹ̀ ní Alabama. Ó ní àgbàdo wà nílẹ̀, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ ra láísẹ́ńsì mìíràn fún un. Ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ gbowó lọ́wọ́ mi? — Kúnlé, Atlanta

Ìdáhùn: Rárá, òótọ́ ló sọ. Láti 2019 ni Alabama ti ń ta láísẹ́ńsì ìjẹ lọ́tọ̀ sí láísẹ́ńsì ọdẹ. Àgbọ̀nrín àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó nìkan ló wà fún, lórí ilẹ̀ aládàáni nìkan. Ọwọ́ ìjọba ni ẹ ti máa rà á, kì í ṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kan tòlótòló rárá o. Ẹ bèèrè orúkọ county tí ilẹ̀ náà wà, torí wọ́n rí CWD ní Lauderdale County ní 2022, òfin ìjẹ sì le jù níbi tí àrùn bá wà. Bí ẹ bá máa gbé ẹran padà sí Georgia, ẹran tí ẹ ti yọ kúrò lára egungun ni kí ẹ gbé. Ẹ má gbé orí àti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá ààlà.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ sà. Èmi kì í ṣọdẹ o, mi ò tiẹ̀ lè wo ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yìn ilé wa ní Virginia ni àgbọ̀nrín ń wá, abo kan àti ọmọ rẹ̀ méjì. Mo máa ń fún wọn ní búrẹ́dì àti àgbàdo nígbà òtútù, ó ń dùn mọ́ mi nínú. Aládùúgbò mi kan ní òun á fi mí sun. Kí ni mo ṣe tó burú? — Màmá Dámi

Ìdáhùn: Ẹ káàárọ̀, Màmá Dámi. Àánú ló mú yín ṣe é, mo mọ̀. Àmọ́ aládùúgbò yín ní ìwé òfin lẹ́yìn. Ní gbogbo Virginia, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bọ́ àgbọ̀nrín láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án títí di Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kìíní, ì báà jẹ́ ọdẹ, ì báà má jẹ́. Ní àwọn county tí CWD ti wọ̀ tàbí tó súnmọ́ wọn, yípo ọdún ni èèwọ̀ náà.

Ẹ má rò pé ebi á pa wọ́n. Ara àgbọ̀nrín ti mọ òtútù. Ọ̀rá tó kó jọ ní ìgbà ìwọ́wé ló ń jẹ, ó ń dín ìrìn rẹ̀ kù, ó sì ń já ẹ̀ka igi jẹ. Búrẹ́dì àti àgbàdo ló lè ṣe é ní jàǹbá, ìdí tí mo sọ fún Bàbá Ìbejì náà ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ń kọ́ wọn láti máa sọdá títì wá sílé yín, ọkọ̀ á sì gbá wọn.

Eégbọn tún ń bẹ. Eégbọn kékeré tó ń gbé àrùn Lyme fún ènìyàn kì í kó àrùn náà lára àgbọ̀nrín, lára eku ló ti ń kó o jù, àmọ́ ara àgbọ̀nrín ni àwọn tó ti dàgbà ń mu ẹ̀jẹ̀ yó kí wọ́n tó lọ yé ẹyin. Ẹ̀yìn ilé tí àgbọ̀nrín ń dúró sí lójoojúmọ́, eégbọn á já sílẹ̀ níbẹ̀. Bí Dámi bá ń ṣeré níbẹ̀, ẹ máa wo ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀, abíyá rẹ̀ àti ẹ̀yìn etí rẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Ẹ dá oúnjẹ náà dúró, ẹ sì lọ bá aládùúgbò yín, ẹ sọ fún un pé ẹ ti dá a dúró. Wọn ò ní ṣàì máa kọjá, ẹ ó ṣì máa rí wọn láti ojú fèrèsé. Bí ẹ bá rí ọmọ rẹ̀ kan tó dá dùbúlẹ̀ nínú koríko lóṣù Karùn-ún tàbí Kẹfà, ẹ má gbé e wọlé, ìyá rẹ̀ ló fi í pamọ́ síbẹ̀. Èyí tó bá rù hangogo, tó ń da itọ́, tí kò sì sá fún ènìyàn, ẹ má súnmọ́ ọn. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i sílẹ̀, kí ẹ sì pe àwọn Department of Wildlife Resources ti Virginia lọ́jọ́ náà.